Àkọ̀ Tí Ẹ Fi Sílẹ̀ Kó Gbẹ

Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí,
Kotobabi, Àkírà,
Gánà.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn Iléyá.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí bébà yìí, bí ọmọ tí ẹ kọ́ dáadáa ṣe ń ṣe. Mo ní ìgbàgbọ́ pé ara yín le koko, pé oúnjẹ Èkó ń gbà yín lára, ẹ sì ń rí oorun sùn. Tiwa náà ò burú, a ṣì ń mí. Màmá mi ní kí n kí yín. Irọ́ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo fi í kún un, torí mi ò fẹ́ kí lẹ́tà mi dà bíi lẹ́tà ọmọ tí kò níyàá. Ohun tí màmá mi sọ gan-an nígbà tí mo ní mo fẹ́ kọ̀wé sí yín ni "Hmm." Ó sì ń bá kẹ́ńkẹ́ àgbàdo tó ń dì lọ.

Àkíbù, awakọ̀ tó ń ná Àkírà sí Èkó, ló sọ fún wa pé òun rí yín ní Mushin, pé ẹ tiẹ̀ sanra díẹ̀. Òun ni mo fi lẹ́tà yìí rán, torí nọ́ńbà yín kì í lọ mọ́. Mo ní kó fi lé yín lọ́wọ́, kó dúró títí ẹ ó fi kà á tán, kó wo bí ojú yín ṣe rí, kó wá fi ojú náà hàn mí nígbà tó bá padà dé. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń sín ènìyàn jẹ, àmọ́ ó ní òun á gbìyànjú.

Ẹ máa ń sọ pé ẹnu mi ni yóò pa mí. Ẹ ò parọ́. Ẹ rántí ọjọ́ tí mo fi ohùn ọ̀gá ilé ìwé sọ̀rọ̀ lẹ́yìn fèrèsé, tí mo ní kí gbogbo kíláàsì máa lọ sílé? Gbogbo wọn lọ sílé, wọ́n sì padà wá lọ́jọ́ kejì. Èmi náà lọ sílé, ṣùgbọ́n tèmi kò ní ìpadàbọ̀. Bẹ́líìtì tí ẹ fọwọ́ ara yín rán lẹ fi nà mí. Mo rántí pé rírán rẹ̀ dára. Kò sí ojú òwú kan tó já. Nígbà yẹn, ẹ ṣì máa ń fara balẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ọjọ́ tí àwọn ọlọ́pàá wá fún yín, torí ìdí ọkọ̀ wọn nìkan lẹ rí. Ẹ ń bọ̀ láti ọjà Madina tí ẹ ti lọ ra òwú. Lọ́pẹ́ oníkióòsì rí yín. Ó ní ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ẹ wo ọkọ̀ náà níwájú ilé wa, ẹ wá na ọwọ́ sí ọkọ̀ èrò tòrótóró àkọ́kọ́ tó kọjá. Ó ní ẹ ò tiẹ̀ béèrè lọ́wọ́ méètì tó ń gba owó ọkọ̀ ibi tí wọ́n ń lọ.

Inú ìsọ̀ ni Bàbá àgbà wà nígbà tí wọ́n wọlé. Bàbá mi, inú rẹ̀ dùn! Ó rò pé oníbàárà ni wọ́n, torí láyé àtijọ́ ọlọ́pàá ni oníbàárà wa. Ó nu bẹ́ǹṣì fún wọn. Ojú rẹ̀ tó ti di bàìbàì kò jẹ́ kó rí i pé ẹnì kankan nínú wọn kò rẹ́rìn-ín. Ó mú okùn ìwọ̀n, ó sọ fún ọ̀gá wọn pé, "Ọmọ mi, dúró dáadáa kí n wọn ìbàdí rẹ." Ọ̀gá náà, tó ń pe Yorùbá ní Alata bíi gbogbo ará ìlú yìí, ní, "Alata, kí ló wà lábẹ́ tábìlì tó wà lọ́hùn-ún yẹn?" Bàbá àgbà ní, "Tábìlì ọmọ mi nìyẹn. Awọ ni. Kí ni ì bá tún wà níbẹ̀?" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n fa nǹkan kan tí ẹ fi àkísà wé yọ, wọ́n tú u. Àkọ̀ ni, tí ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ. Ìbọn gidi ló wà nínú rẹ̀.

Kí n tó máa bá a lọ, ẹ ṣe sùúrù. Ẹ̀yin lẹ sọ ìtàn ilé wa fún mi nígbà kan tí iná kò sí, àmọ́ ó jọ pé afẹ́fẹ́ Èkó ti gbé e kúrò lórí yín. Ẹ jẹ́ kí n dá a padà fún yín, bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Bàbá Àkànó, tó bí bàbá tó bí yín, fẹsẹ̀ rìn kúrò ní Ọ̀yọ́ pẹ̀lú àpò awọ léjìká. Gàárì ẹṣin ló ń ṣe, àti àkọ̀ ọ̀bẹ, àti awọ tí wọ́n fi ń bo tírà. Nígbà tó dé Àkírà, kò bá ẹṣin kankan tí yóò di gàárì fún. Ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ lù ú pa. Ìgbà náà ni òyìnbó ọlọ́pàá kan mú àkọ̀ ìbọn ìléwọ́ kan wá bá a, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ etí òkun ti jẹ awọ rẹ̀, òwú rẹ̀ sì ń já. Bàbá Àkànó kò rí irú rẹ̀ rí. Ó tú u ní ojú abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó là á sílẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n la ẹja, ó wò ó títí, ó ní, "Ṣé èyí náà ni? Àkọ̀ ọ̀bẹ tó lóyún ni." Ó fi awọ màlúù ṣe tuntun, ó fi ìda pa òwú rẹ̀, ó fi egungun ṣe bọ́tìnnì ìdérí rẹ̀. Òyìnbó fi í sí ìbàdí, ó rìn lọ, ó rìn bọ̀, ó fò sókè. Àkọ̀ náà kò dún kẹ̀ẹ̀. Bí iṣẹ́ àkọ̀ ṣe wọ ilé wa nìyẹn.

Bàbá àgbà ní ènìyàn lè ka ìtàn ìlú yìí lára ìdérí àkọ̀. Nígbà tí ìlú bá rọ̀, ìdérí máa ń gùn, bọ́tìnnì rẹ̀ á sì le, torí ẹni tó ni ín kò rò pé òun á ṣí i. Nígbà tí àwọn sójà ń gba ìjọba lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n á wá, wọ́n á ní, "Bàbá, gé ìdérí yẹn sọnù fún mi." Ó ní nígbàkúùgbà tí ẹni méjì bá ti wá gé ìdérí nínú ọ̀sẹ̀ kan, òun á lọ ra gàrí pamọ́.

Ẹ rántí èyí tó máa ń pa yín lẹ́rìn-ín? Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé kó jáde kúrò ní Gánà. Bàbá àgbà fi ilé sílẹ̀, ó fi awọ sílẹ̀, ó fi ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀. Àpò àwọn ìbọn igi tó fi ń wọn àkọ̀ nìkan ló gbé. Ní bọ́dà, wọ́n ní kó tú ẹrù rẹ̀, ìbọn wá ń yọ níkọ̀ọ̀kan. Gbogbo èrò dojú bolẹ̀. Àwọn aṣọ́bodè pàápàá dojú bolẹ̀! Òun nìkan ló kù lórí ìdúró, ó ń pariwo pé, "Igi ni! Igi ni!" Nígbà tó yá, ó gbé àwọn igi náà padà wá sí Àkírà. Mo máa ń ṣe gbogbo wọn fún yín: aṣọ́bodè, èrò, àti Bàbá àgbà. Ẹ máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú yín. Mo fẹ́ràn yín nígbà yẹn.

Ọ̀rọ̀ Mùkáílà, ẹ̀gbọ́n Bàbá àgbà, ni ẹ kì í rẹ́rìn-ín sí. Sójà kan tó ń kánjú ló ní kí wọ́n fi ìbọn òun gan-an ṣe ìwọ̀n. Wọ́n rẹ awọ sínú omi, wọ́n wé e mọ́ ìbọn náà, wọ́n fi sílẹ̀ kó gbẹ. Awọ tútù, bó bá ti ń gbẹ, ńṣe ló máa ń sún kì, tí á máa fún ohun tó bá wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ọta ṣì wà níbẹ̀. Mùkáílà jókòó sí ọ̀ọ́kán rẹ̀, ó ń jẹun. Awọ ló fa ìbọn tó pa á, kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn.

Láti ìgbà náà ni Bàbá àgbà ti fòfin lélẹ̀ pé ìbọn kì í wọ ilé wa, àkọ̀ ní ń jáde lọ bá a. Kí oníbàárà tẹ́ ìbọn rẹ̀ sórí páálí nílé rẹ̀, kó fi ẹ̀dú yí i ká, kó mú páálí wá. Bàbá á fi igi gbẹ́ irú rẹ̀, á wé awọ tútù mọ́ igi. Gbogbo wọn ló wà lára ògiri títí dòní pẹ̀lú orúkọ wọn: Oníkùn, Ẹlẹ́nu-gígùn, Ìyàwó-Sájẹ́ǹtì. Ẹ̀yìn àwọn páálí náà ni Bàbá ti kọ́ mi ní a, b, d, lẹ́yìn tí ilé ìwé lé mi. Ìdí tí mo fi lè kọ̀wé sí yín lónìí nìyẹn.

Mo mọ̀ pé ọjà kò yá. Mi ò kì í ṣe òmùgọ̀. Àkọ̀ rọ́bà ló kún gbogbo ìsọ̀ tó wà ní Circle. Àwọn tó kù fún wa ni àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ọ́fíìsì ní Kokomlemle, tí wọ́n ń ki tọ́ọ̀ṣì bọnú àkọ̀ torí ẹnikẹ́ni kò fún wọn níbọn, àti àwọn onífíìmù tí wọn kì í padà wá sanwó. Nígbà tí ọkùnrin onífìlà dúdú yẹn gbé ìbọn rẹ̀ dé pé òun fẹ́ àkọ̀, mo wà ní ìta, mo gbọ́ ọ. Ẹ ní kó lọ ya ìbọn rẹ̀ sórí páálí. Ó ní, "Kí n ya kí ni? Ṣé fọ́tò ìgbéyàwó la fẹ́ yà ni?" Ẹ rẹ́rìn-ín. Bàbá mi, ẹ rẹ́rìn-ín! Ẹni tí kò fẹ́ kí páálí mọ ìrísí ìbọn òun, kí lẹ rò pé ó fẹ́ fi ṣe? Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ wé awọ mọ́ ọn, ẹ tì í sábẹ́ tábìlì, ní ọ̀ọ́kán ibi tí Bàbá àgbà máa ń jókòó jẹun. Ìbọn náà kò yìn. Ọpẹ́ kan ṣoṣo tí mo rí dá nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Mo padà sí ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́pàá. Wọ́n fẹ́ fa ìbọn náà yọ, kò yọ. Awọ ti gbẹ mọ́ ọn. Ẹnì kan di ìdí mú, ẹnì kan di ẹnu mú, bí àwọn tó ń fa ehín màlúù. Bàbá àgbà kò lè mú un mọ́ra. Ó ní kí wọ́n mú un wá. Ó fi àtàǹpàkò tọ ojú rírán rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó mi orí, ó ní, "Ẹni tó ṣe èyí kánjú. Kò fi ọ̀rá pa inú awọ. Ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń rìn bí ọ̀mùtí." Ọ̀kan nínú wọn ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá wọn ní, "Ta ló ṣe é?" Ìgbà yẹn ni mo rí i tí ọwọ́ Bàbá dúró lórí àkọ̀ náà. Ènìyàn méjì péré ló ń lu awọ nínú ilé yẹn. Ó gbé orí sókè, ó ní, "Èmi ni mo ṣe é."

Wọ́n mú un lọ. Màmá mi tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú oúnjẹ lórí, àwọn ará àdúgbò ń bi í pé, "Abena, Alata rẹ dà?" Èmi náà lọ sí àgọ́. Mo sọ fún wọn pé mo gbọ́ ohùn ẹni tó ni ìbọn, mo sì ṣe ohùn náà fún wọn, bó ti ń fi imú sọ̀rọ̀, bó ti ń rẹ́rìn-ín kó tó parí gbólóhùn. Ọlọ́pàá kan ní ohùn kì í ṣe orúkọ. Wọ́n wá ní kí n ṣe ọ̀gá wọn. Mo ṣe é. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n ra mílò tútù fún mi. Mo mu ún, Bàbá mi, torí òùngbẹ ń gbẹ mí, Bàbá àgbà sì wà lẹ́yìn irin, ó ń gbọ́ ẹ̀rín.

Àlàájì Mutala, oníṣọ̀nà awọ ti Madina Zongo, ló dúró fún un tí wọ́n fi jẹ́ kó máa wá sílé sùn. Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun àti Bàbá àgbà ti ń fi iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ kí wọ́n tó bí yín. Ó wà ní kóòtù nígbà tí lọ́yà ìjọba gbé àkọ̀ yín sókè tí gbogbo ènìyàn rí i. Lọ́yà ní, "Bàbá, o sọ níwájú ọlọ́pàá pé ẹni tó ṣe èyí kánjú, pé ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń rìn bí ọ̀mùtí. Báyìí o ní ìwọ lo ṣe é. Èwo ni ká gbọ́?" Bàbá àgbà ní, "Èmi náà máa ń kánjú." Àlàájì Mutala kọ ojú sí ògiri. Mo ti rí i tí ẹkún gbọ̀n Bàbá nígbà tí màmá yín kú, àmọ́ mi ò rí ojú rẹ̀ kó rí bíi ti ọjọ́ yẹn. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bí ojú òwú kan bá wọ́, á tú gbogbo iṣẹ́ palẹ̀! Ó gba iṣẹ́ burúkú yín mọ́ra ní gbangba bí ẹni gba ọmọ àlè.

Ohun tó kàn ni èyí tí mo fẹ́ kí ẹ jókòó kà. Lẹ́yìn tó dé láti àgọ́, kò jẹun. Ohun tó ń béèrè kò ju "Láwàlì ti pè?" lọ. Ẹ ò pè. Ohùn kan ṣoṣo tí ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù màmá mi ni, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mo ń bọ̀ láìpẹ́," ẹ sì húkọ́. Ẹ mọ̀ pé ohùn mi ti yí padà di ti ọkùnrin lọ́dún yìí. Èyí tó jáde lẹ́yìn tó yí, tiyín ni. Mi ò ní láti sín in jẹ, ó kàn wà lọ́fun mi bẹ́ẹ̀. Mo yá fóònù Fèyísọ́lá tó ń ṣe irun, mo lọ sẹ́yìn ilé ìwẹ̀, mo pe Bàbá àgbà, mo sì di Láwàlì. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ṣé ẹ ti jẹun?" Ó ní, "Mo fẹ́ jẹun báyìí." Ó sì jẹun lóòótọ́, tó fi lá ọwọ́. Láti ìgbà yẹn, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, mo máa ń pè é.

Mo rò pé eré lásán ni, títí ó fi béèrè pé, "Láwàlì, ta ló ni ìbọn yẹn? Sọ fún mi, kí n lè sọ fún adájọ́." Bàbá mi, mo lè ṣe ohùn yín, mo lè ṣe ikọ́ yín, mo lè ṣe bí ẹ ṣe ń fi ahọ́n ta páà bí ẹ bá fẹ́ parọ́. Orúkọ yẹn kò sí lọ́fun mi. Mo húkọ́. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára. Ó ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rù ń bà ọ́, má sọ ọ́." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún yín, àdúrà gígùn: kí ọwọ́ yín má ṣe rọ, kí ojú yín má ṣe ríbi, kí iṣẹ́ Bàbá Àkànó má ṣe parun lọ́wọ́ yín. Èmi ni mo ń ṣe àmín. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹni tó bá ṣe àmín ló ni àdúrà. Gbogbo rẹ̀ ti wọ̀ mí lára, kò ṣẹ́ kù fún yín.

Wọ́n á tún pe ẹjọ́ náà lẹ́yìn tí oṣù tuntun bá lé. Lọ́yà tó ń bá wa ṣe é ní bí kò bá sí ẹni tó dárúkọ ẹni tó ni ìbọn, ẹ̀wọ̀n ni Bàbá àgbà ń lọ. Pẹ̀lú ojú rẹ̀ yẹn, pẹ̀lú ikùn rẹ̀ tí kì í gba oúnjẹ tútù. Nítorí náà, ẹ wá, kí ẹ wá dárúkọ ọkùnrin náà. Bí ẹ ò bá lè wá, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sórí páálí, kí ẹ fún Àkíbù, àwa á gbẹ́ ìyókù. Àwọn àgbà ní idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ilé kan ṣoṣo tí ẹ ní ló wà níhìn-ín. Ẹ má jẹ́ kó wó.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín ní Èkó. Kó má jẹ́ kí ẹ ṣàìsàn níbi tí kò sí ẹni tó mọ orúkọ baba yín. Bí ẹ bá dàgbà, tí ojú yín di bàìbàì, kó fún yín lọ́mọ tí yóò dúró. Mi ò sọ pé èmi ni o.

Èmi ni ọmọ yín kan ṣoṣo, tó gba ohùn yín, tí kò sì tí ì gba ẹsẹ̀ yín,

Sultan.

Àfikún: Mo ti lẹ lẹ́tà yìí kí n tó tún tú u. Bàbá àgbà pè mí sínú ìsọ̀ nísinsìnyí, ó ń fi ọ̀rá pa awọ, kò wo ojú mi. Ó ní, "Sultan, ẹni tó ń pè mí yẹn, ohùn Láwàlì ni. Ikọ́ rẹ̀ pàápàá, ti Láwàlì ni. Àmọ́ láti ọjọ́ tí mo ti bí Láwàlì, kò bi mí rí pé ṣé mo ti jẹun." Ó ní kí n sọ fún onítọ̀hún pé kó má jáwọ́, kó máa pè. Nítorí náà, Bàbá mi, bí ẹ bá pè é fúnra yín lọ́jọ́ kan, tí ẹ ò bi í ní ìbéèrè yẹn, ẹ má fòyà. Á mọ̀ pé ẹ̀yin ni.